Àpótí Tó Ń Figbe Ta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àga Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá Ọlábọ̀wálé sọ láyé mi ni, "Ẹ pa nǹkan yẹn kó tó pa wá!"

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán, níbi tí èmi Rúùtù, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ń kọ́ àwọn akọrin ní orin ìkórè. Ogun abẹ́lé ti parí lọ́dún náà. Orúkọ Kwara tí wọ́n sọ ìpínlẹ̀ wa kò tíì mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Gbogbo ìjọ tó wà láyìíká ló ń fẹ́ gìtá, tiwa náà ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí ọmọ Ìsánlú-Ìsin kan tó ń ta gìtá n'Ílọrin, pé kó wá bá wa ta á títí ọjọ́ ìkórè yóò fi kọjá.

Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ki wáyà rẹ̀ bọ àpótí ańpilifáyà tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kò tíì fọwọ́ kan okùn kan tí àpótí náà fi figbe ta. Igbe náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìkùnsínú, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí àwọn àdán fi tú jáde láti inú àjà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi.

"Ẹ má bínú, tíṣà," ló wí.

"Èmi kọ́ ni kí ẹ bẹ̀. Etí mi ni kí ẹ bẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jí ló dá, ẹ̀jí náà sì pọ́n ọn lé. Inú bí mi, inú mi sì dùn, mo wá tún bínú pé inú mi dùn. Bí ìfẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlábọ̀wálé nìyẹn, láti inú ìbínú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àpótí náà, nítorí òun ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi, Alàgbà Jòhánù Bámigbóyè, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń padà sílé, tó ti máa ń fi ta gìtá níwájú ìjọ wa, ó sì fi ta ìjọ lọ́rẹ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lò lóde òní. Gílóòbù dígí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iná bá wọ inú wọn, wọ́n á pọ́n bí ẹ̀yinná, wọ́n á sì gbóná débi pé èèyàn lè yan ẹ̀pà lórí wọn.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá mi fi gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí òun àti ohun tó fi tọrẹ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún un. Àwọn tó ń gbálẹ̀ pàápàá, eteetí rẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Àwọn àgbà ìjọ tó kù jókòó síhà ibẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọrin níwájú á kọjú sí wọn. Ta ni wọ́n kọ́ nílé tí yóò dúró kẹ̀yìn sí àgbà?

Bọ̀wálé gba yàrá kan ní ọ̀nà Rore, ó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, òun àti Sàlíhù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Mùsùlùmí ni Sàlíhù, ṣùgbọ́n kò sí ìkórè ìjọ kankan tí ẹnu rẹ̀ kì í dé. Láàárọ̀, bí mo bá ń lọ síléèwé, Bọ̀wálé á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

"Ta ló sọ oríkì mi fún ọ?"

"Ìyá rẹ ni."

Ìyá mi! Obìnrin tí kì í sọ iye iyọ̀ tó bu sọ́bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń gbé etí sí ara rédíò bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, mo sì fẹ́ràn pé bí mo bá jágbe mọ́ ọn, kì í sá.

Ìyá mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú bàbá mi, lẹ́yìn tí bàbá jẹun tán. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́.

"Olórin?" ni bàbá mi wí. "Eunice, ṣé alágbe lo fẹ́ kí n fún lọ́mọ?"

"Kì í ṣe alágbe, Bàbá Rúùtù. Ó ń ta gìtá ni, ó sì ń tún rédíò ṣe."

"Ẹni tó ń kọrin síni lójú kí á lè lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, kí ni orúkọ rẹ̀ nílùú yìí? Ṣé lọ́yà là ń pè é?"

N kò lè mú un mọ́ra. Mo jáde. "Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ orin rẹ̀ rí?"

"Ibo ni n óò ti gbọ́ ọ? Igbe àpótí mi ni mò ń gbọ́! Àwọn ará ìjọ ti ń sọ pé nǹkan bàjẹ́bàjẹ́ ni mo fi tọrẹ fún Ọlọ́run. Kò pariwo lọ́wọ́ òyìnbó. Kí ló dé tó fi ń pariwo lọ́wọ́ tirẹ̀?"

"Ó máa tún un ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Bàbá mi fọwọ́ nu ẹnu. "Tó bá ta gìtá yẹn lọ́jọ́ ìkórè, tí mo gbọ́ orin rẹ̀ já, tí àpótí mi ò figbe ta mọ́ ọn lẹ́nu, n óò mọ ohun tí n óò sọ fún un. Tó bá figbe ta, ìwọ ń lọ bá àǹtí rẹ ní Kàdúná. Iṣẹ́ tíṣà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè tún àpótí ṣe, ṣé ilé ló máa tún ṣe?"

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀wálé tú ẹ̀yìn àpótí náà. Ó mú pẹ́ńsù ìkọ̀wé mi, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan gílóòbù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Àwọn kan ò sọ nǹkan kan. Bó ṣe kan ọ̀kan báyìí, ó dún gbọin bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́!" ló wí. "Àwẹ̀ró, olè nìyí. Nǹkan kan ti tú nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, òun náà á mì, á sì sọ ọ́ síta."

Sàlíhù lọ wá òmíràn n'Ílọrin. Wọ́n fi í sí i. Ariwo gbọingbọin tó máa ń bá a rìn lọ lóòótọ́, inú wa dùn, mo sì se ẹ̀bẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, Bọ̀wálé dúró níwájú bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan okùn gìtá. Igbe!

Ó gbé àpótí náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pásítọ̀, ó sì ṣèlérí pé òun óò dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi gẹ́lẹ́. Nílé, àpótí náà dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Ó ta gìtá láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, àwọn èèyàn Rore tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n ń jó. Ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Igbe! Ó pààrọ̀ wáyà gìtá. Igbe! Ó jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin nínú rẹ̀, ó jó èékánná níná, ó jó ẹ̀wù níná. Igbe! Ó gbé e lọ sílé, ó tún dákẹ́.

Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé Ọlọ́run ló kọ̀ ọ́. Sàlíhù ní bóyá kí àwọn gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àwọn wò ó bóyá ibẹ̀ á gbà á. Èmi nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín. Mo ti rí àǹtí mi tó ń wọn ìrẹsì tà ní Kàdúná, mo ti rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìkórè pé, àwa mẹ́ta péré wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sàlíhù sì wà níta nídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo lọ jókòó sórí àga bàbá mi, ohun tí n kò jẹ́ dán wò bó bá wà níbẹ̀. Bọ̀wálé gbé gìtá kọ́rùn, ó kọjú sí mi, ó tanná. Igbe!

"Rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀!"

"Mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Àwẹ̀ró."

"Má pòwe fún mi! Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Kàdúná, ìwọ ń pòwe!"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo ti tú u títí mo fi mọ inú rẹ̀ ju inú mi lọ."

"Padà s'Ílọrin! Padà síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọ! Ǹ bá mọ̀ kí n ti gbọ́ ti bàbá mi láti ọjọ́ kìíní!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo ti fẹ́ gbé e mì padà. Ojú Bọ̀wálé rẹ̀wẹ̀sì. Ó kàn yí padà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wo àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Èmi ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ni mo bá tún ń pariwo lọ, pé ṣé èmi ló ń kẹ̀yìn sí, pé ta ló kọ́ ọ níyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé mò ń gbọ́ ohùn ara mi ketekete.

Àpótí náà ti dákẹ́. Iná wà lára rẹ̀, àwọn gílóòbù pọ́n, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Bọ̀wálé."

"Fi mí sílẹ̀."

"Bọ̀wálé, ta gìtá yẹn."

"Mo ní kí o fi mí—" Ó yí padà sí mi. Igbe!

"Kẹ̀yìn sí mi!"

"Kí ni?"

"Mo ní kẹ̀yìn sí mi, ọkùnrin yìí!"

Ó kẹ̀yìn sí mi. Àpótí dákẹ́. Bọ̀wálé ta okùn kan, ó ta gbogbo wọn, ohùn gìtá náà dún gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, kò sí igbe. Ó rọra yíjú wo àpótí náà láti orí èjìká, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Inú gìtá mi ṣófo bí igbá," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Bí mo bá kọjú sí àpótí, ohùn àpótí á wọ inú rẹ̀, á mi okùn. Okùn á dá a padà sí àpótí, àpótí á sọ ọ́ síta sókè sí i. Bí èmi àti ìwọ gan-an: mo sọ ọ̀kan, o sọ méjì, mo sọ mẹ́rin, ilé gbóná. Tí mo bá kẹ̀yìn sí i, ara mi ló dínà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, òpópónà ni mo máa ń kọjú sí, ẹ̀yìn mi ni àpótí máa ń wà."

"Gbogbo èékánná tí o jó níná ńkọ́?"

"Ti gílóòbù yẹn ò ṣòfò. Ìyókù, mo fi ṣe ẹ̀kọ́."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ gbá a mọ́ra. N kò tíì mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ ṣe tí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ta ló máa jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ Àìkú?"

"Bàbá mi."

"Ṣé kí n kẹ̀yìn sí wọn lójú gbogbo ìjọ ni, kí n wá máa lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà? Kí àwọn èèyàn mi ní Ìsánlú gbọ́ pé ohun tí mo ṣe fún àna mi nìyẹn? N kò lè ṣe é."

Ẹ wo ọkùnrin! Ó ti jó ara rẹ̀ níná nítorí mi, ṣùgbọ́n kò lè yí ẹ̀yìn! Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo bú u, ó ní kí n má bínú. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ bá bàbá mi nílé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé àpótí yẹn sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ibi tí mo gbé e sí lọ́jọ́ tí mo fi tọrẹ, ibẹ̀ ló máa wà. Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fẹ́ máa pín ẹrù mi?"

"Bí ó bá kọjú sí i ló ń pariwo, Bàbá. Ẹ rántí òyìnbó. Iwájú àpótí ló máa ń jókòó sí, tí yóò kẹ̀yìn sí i, kò sì pariwo."

"Òyìnbó kẹ̀yìn sí mi, mo forí jì í, òyìnbó ni. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́? Èyí tí ìyá bí ní Ìsánlú tó bá dán an wò, tirẹ̀ tán lọ́dọ̀ mi." Ó fa fìlà bojú, ó ní òun fẹ́ sùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kù sí nìyẹn. Bó bá kọjú sí bàbá mi, Kàdúná. Bó bá kẹ̀yìn sí i, Kàdúná náà ni. Mo sunkún débi pé ìyá mi jókòó tì mí, ó ń bá mi sun ún.

Ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Iṣu wà nílẹ̀ níwájú bí òkè, àgbàdo so rọ̀ mọ́ òpó, ewúrẹ́ kan tí wọ́n so síta ń dá sí àdúrà. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ nínú agbádá funfun, àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi dúró láàárín àwọn akọrin.

Pásítọ̀ pe orin ọpẹ́. Bọ̀wálé jáde síwájú, ó kọjú sí àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ó fọwọ́ kan okùn. Igbe! Àwọn ọmọdé pariwo, ìyá arúgbó kan tó wà níwájú mi ní, "Ó tún ti dé o." Bàbá mi gbá apá àga mú, ó ti fẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé bó bá dìde, ọ̀rọ̀ parí.

Bọ̀wálé wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó yí gìtá sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú bàbá mi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ló wí, gbogbo ìjọ sì gbọ́. "Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe àfojúdi."

Ó dìde, ó fa gìtá bọ̀ síwájú, ó sì kẹ̀yìn sí Alàgbà Jòhánù Bámigbóyè.

"Háà!" ni ìjọ wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Kò sí igbe. Ẹ gbọ́ mi, n kò mọ̀ pé gìtá yẹn ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. Ohùn náà kún gbogbo ilé, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ, àwọn tó wà níta gbọ́ ọ, ìyá arúgbó iwájú mi gbé ọwọ́ sókè. Mo gbàgbé láti wọlé sínú orin, àwọn akọrin mi ló fi ìgùnpá gún mi. A kọ ọ́, a tún un kọ. Bọ̀wálé dijú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi dìde ní àárín orin, ó rìn wá títí dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó sì padà lọ jókòó. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ṣáájú gbogbo èèyàn jáde, kò kí ẹnikẹ́ni.

Mo sáré tẹ̀ lé e délé. Ìyá mi ti tẹ̀ lé e dé ṣáájú mi, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni ń retí òjò. Bàbá mi jókòó, ó la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Owó bébà kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti rún.

"Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn," ló wí. "Orin náà wọ̀ mí lára, mo dìde, mo dé ẹ̀yìn rẹ̀. N kò rí iwájú orí tí n óò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìpàkọ́ ni mo rí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dákẹ́, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí alágbe. Alágbe kì í gbójú kúrò lára ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa kọrin, á máa wo ọwọ́ rẹ bóyá ó ń lọ sápò. Ọmọ yìí mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ohun tó ń wá wà, ó sì kẹ̀yìn sí mi, ó ń kọrin sí Ọlọ́run. Owó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀." Ó wo owó náà, ó ká a padà sínú àpò. "Kì í ṣe alágbe. Ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀, èmi àti olúwarẹ̀ ni. Lọ sọ fún un kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi ò dúró sunkún. Mo bọ́ bàtà, mo sáré.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá àga bàbá mi. Àwọn èèyàn ti tú ká, wọ́n wà níta nídìí iṣu. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń kù. Bọ̀wálé nìkan ló dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń ta gìtá jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí, kò yíjú. "Lọ́la ni n óò padà s'Ílọrin."

"Èmi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. "Àwẹ̀ró. Kí ni wọ́n wí?"

"Kọjú sí mi kí n sọ fún ọ."

"Ó máa pariwo."

"Bọ̀wálé, kọjú sí mi. Jẹ́ kó pariwo!"

Ó kọjú sí mi. Àpótí náà figbe ta, Sàlíhù ń ké láti ìta pé kí ló tún bàjẹ́ o, a kò sì dá a lóhùn.